R Kì í Jẹ Orúkọ Òpó

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi R ṣe ìṣirò dátà ló gbà pé ètò náà máa ń jẹ orúkọ òpó. Kò ṣòro láti mọ ohun tó mú wọn gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ wà lórí gbogbo òpó mátíríìsì wọn. Wọ́n mú òpó kan ṣoṣo jáde, wọ́n béèrè colnames rẹ̀, NULL ni R fi dá wọn lóhùn. Wọn kò purọ́: orúkọ òpó kò sí níbẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní ó fà á kò rí bẹ́ẹ̀, àtúnṣe tí wọ́n sì ń fi kọ́ ara wọn ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ní Àkókó yẹ̀ wò. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mátíríìsì wa, tí a pè ní akoko, ní ìlà mẹ́rin tí a fi olú ìlú wọn sọ lórúkọ: Ikare, Okeagbe (abẹ́ rẹ̀ ni Ìkáràm wà), Isua àti Oka. Òpó mẹ́ta ló ní: okunrin, obinrin, gbogbo.

Bí ẹ bá kọ akoko[, 1:2], òpó méjì á jáde torúkọ-torúkọ. Bó bá jẹ́ pé R ń jẹ orúkọ, kí ló dé tí kò jẹ àwọn yẹn? Ẹ wá kọ akoko["Oka", ]. Ìlà kan ṣoṣo lẹ mú, síbẹ̀ okunrin, obinrin àti gbogbo ṣì wà lórí nọ́ńbà wọn digbí. Orúkọ òpó gan-an ló yè yìí. Orúkọ ìlà, Oka, ló lọ.

Mátíríìsì ní apá méjì, ìlà àti òpó. Bí ohun tí a mú bá ku ẹyọ kan ní apá kan, R á yọ apá náà kúrò, á sì kó ìyókù fún wa bíi fẹ́tọ̀. Fẹ́tọ̀ kò ní òpó, nítorí náà orúkọ òpó kò ríbi dúró. Orúkọ apá tó ṣẹ́ kù ló ń bá nọ́ńbà lọ.

Àwọn mìíràn ní bí a bá fi orúkọ pe òpó, dípò nọ́ńbà, orúkọ náà kò ní lọ. Wọn kò dán an wò ni. Ohun kan náà ni akoko[, "gbogbo"] àti akoko[, 3] ń mú wá.

Ohun tó yẹ ká kọ ni akoko[, "gbogbo", drop = FALSE], kí R má bàa yọ apá kankan kúrò. Dípò èyí, àwọn kan á fi matrix() sọ fẹ́tọ̀ náà di mátíríìsì padà, wọ́n á wá fọwọ́ kọ colnames sí i. Orúkọ òpó padà wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n matrix() ti da orúkọ ìlà nù. Ohun tó kù ni 175409, 213792, 82426, 229486. Ta ni yóò wo èyí kó tó mọ èyí tí a ka Ìkáràm mọ́?

Mo gbà pé yíyọ tí R ń yọ apá kúrò yìí nídìí. R tọ ipasẹ̀ S, èdè tí John Chambers àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní 1976, kí Ross Ihaka àti Robert Gentleman tó ṣe R ní Auckland. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó kàn fẹ́ mọ àròpín òpó kan, fẹ́tọ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí a bá wà nínú function tó ń fi òdiwọ̀n ṣa òpó, a kò mọ iye tí yóò kù. Ó lè ṣa méjì lónìí, kí ohun gbogbo lọ geere. Lọ́jọ́ tó bá ṣa ẹyọ kan, apply() á kọ̀ jálẹ̀, á ní dim(X) must have a positive length, ìlà tí yóò sì nàka sí á jìnnà sí ibi tí drop = FALSE ti yẹ kó wà.