Ilé Ìtì Igi ní McDonough àti Àwọn Tó Ń Tọ́jú Wọn

Ilé ìtì igi ni ilé tí wọ́n fi odindi ìtì igi kọ́, tí wọ́n tò wọ́n ní ìbú lé ara wọn títí wọ́n fi di ògiri. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí Henry County, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, gbé. McDonough ni olú ìlú Henry County, ó sì tó nǹkan bí kìlómítà 45 sí gúúsù Atlanta. Ní Heritage Park tó wà lójú ọ̀nà Lake Dow níbẹ̀, ilé ìtì igi àtijọ́ kan ṣì wà pẹ̀lú ilé ìdáná tó dá dúró, ilé ìkàwé àkọ́kọ́ ní àgbègbè náà, àti ẹ́ńjìnnì rélùwéè ayé ọjọ́un kan. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ọgbà náà. Ṣùgbọ́n kárí Georgia, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ni ẹ̀mí irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà lọ́wọ́ wọn: olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, káfíńtà, ológun àtijọ́, àti ẹni tó ń wá orírun ìdílé rẹ̀.

Ilẹ̀ Henry County kò ṣófo kí àwọn òyìnbó tó dé. Àwọn Muscogee, tí òyìnbó ń pè ní Creek, ló ni ín. Ní oṣù kìíní ọdún 1821, àdéhùn Indian Springs gba ilẹ̀ tó wà láàárín odò Ocmulgee àti odò Flint lọ́wọ́ wọn. William McIntosh wà lára àwọn ìjòyè wọn tó fọwọ́ sí i. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba Georgia gé ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́, tó sì fi lọ́tìrì pín in fún òyìnbó. Wọ́n dá McDonough sílẹ̀ ní 1823, wọ́n sì fi sọrí Thomas Macdonough, ọ̀gágun ojú omi tó ṣẹ́gun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní adágún Champlain lọ́dún 1814.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀ nínú igbó kò rí páńkó rà nítòsí. Àáké ló ní. Á gé igi páìnì tàbí óákù, á fi àáké olójú fífẹ̀ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi tẹ́jú, á sì pe aládùúgbò kí wọ́n wá bá òun gbé ìtì sókè. Ní igun ilé, wọ́n á gbẹ́ orí ìtì kọ̀ọ̀kan kí tòkè lè jókòó mọ́ tìsàlẹ̀ dáadáa. Ògiri náà kò nílò ìṣó: ìwúwo igi ló ń dì í mú. Igun tí wọ́n gbẹ́ dagun síta ló dára jù, nítorí omi òjò á ṣàn jáde dípò kó dúró sára igi. Ẹ̀là igi, òkúta àti amọ̀ ni wọ́n fi ń dí àlàfo àárín àwọn ìtì. Àwọn ará Sweden àti Finland tó gúnlẹ̀ sí Delaware ní 1638 ló mú irú ilé yìí wọ Amẹ́ríkà. Àwọn ará Jámánì àtàwọn mìíràn gbé e lọ sí gúúsù.

Nígbà tí ilé ìlagi pọ̀, tí páńkó sì di ohun tí wọ́n ń rà lọ́jà, ọ̀pọ̀ ìdílé kan páńkó bo ìtì náà, wọ́n sì kọ́ yàrá kún un. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìgbà tí katakata bá fẹ́ wó ilé àtijọ́ kan ni wọ́n máa ń rí ìtì igi nínú ògiri rẹ̀. Ewu yìí kò kéré ní Henry County: iye èèyàn ibẹ̀ lé díẹ̀ ní 119,000 lọ́dún 2000, ó sì ti lé ní 240,000 nígbà tó fi di 2020. Ilé tuntun ń jẹ oko lọ.

Iṣẹ́ ìtọ́jú náà nira ju bí àlejò ṣe lè rò lọ. Ikán àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá àkọ́kọ́, ìtì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n sì máa ń jẹ kọ́kọ́, bí òjò ṣe ń jẹ ìdí ògiri ilé amọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n á fi jáàkì gbé gbogbo ilé sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n á yọ ìtì tó jẹrà, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ilé wọn gan-an ló ba púpọ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́: wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí àlàfo níbi tó yẹ kí amọ̀ wà. Sìmẹ́ńtì kì í súnra pẹ̀lú igi. Bí igi bá gbẹ tó súnkì, omi á gba àárín wọn wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ́ sìmẹ́ńtì bẹ́ẹ̀ kúrò. Igi chestnut, tí wọ́n fi kọ́ àwọn kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tún jẹ́ ìbànújẹ́ tirẹ̀. Àrùn kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní New York ní 1904 pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀, débi pé inú abà àtijọ́ ni wọ́n ti sábà máa ń rí ìtì chestnut ńlá báyìí.

Bí ilé kò bá lè dúró níbi tó wà, wọ́n á kọ nọ́ńbà sára ìtì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á sì tún un tò níbòmíràn. Ilé tí wọ́n ṣí nípò ti pàdánù kànga rẹ̀, ọgbà rẹ̀ àti ibojì àwọn tó gbé inú rẹ̀. Síbẹ̀, mo gbà pé ó sàn ju kí wọ́n fi dáná lọ.

Kò sí ibi tí ìtọ́jú ilé àti ìtàn ti so pọ̀ tó Foxfire, ní Rabun County ní àríwá Georgia. Ní 1966, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn àgbà, wọ́n ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Ìwé ìròyìn wọn, tó ń jẹ́ Foxfire, jáde ní 1967. Ìwé tó tinú rẹ̀ wá ní 1972 ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé ìtì igi, ó sì tà gan-an. Owó ìwé ni wọ́n fi ra ilẹ̀ ní Mountain City, tí wọ́n kó àwọn ilé ìtì igi jọ sí.

Òótọ́ inú ìtàn tí wọ́n ń sọ fún àlejò ṣe pàtàkì bí ilé fúnra rẹ̀. Ní Kentucky, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fi ilé ìtì igi kan han àlejò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Abraham Lincoln ní 1809. Àyẹ̀wò òrùka inú igi tí wọ́n ṣe ní 2004 fi hàn pé lẹ́yìn tí wọ́n bí i ni wọ́n gé àwọn igi náà. Ní Georgia, kì í ṣe olóko nìkan ló gbé ilé ìtì igi. Àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú, nínú yàrá kan ṣoṣo, lórí ilẹ̀ lásán nígbà mìíràn, ọwọ́ wọn ló sì gé púpọ̀ nínú igi ilé olówó wọn. Ilé tiwọn ló tètè pa rẹ́ jù. Láti 2010 ni Joseph McGill, ọmọ South Carolina, ti ń lọ sùn mọ́jú nínú àwọn ilé ẹrú tó ṣẹ́ kù ní ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn kí àwọn tó ni wọ́n má bàa jẹ́ kí wọ́n wó. Èmi kò lè ka ìtọ́jú kankan sí pípé tí kò bá dárúkọ àwọn adúláwọ̀ yìí àti àwọn Muscogee.

Irú ewu bẹ́ẹ̀ àti irú ìyọ̀ǹda ara ẹni bẹ́ẹ̀ wà ní Èkó náà. Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan ní Tinubu Square tí ìjọba kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, ni wọ́n wó ní September 2016 láìka òfin sí. Ṣùgbọ́n ní Èbúté Mẹ́tta, Legacy, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, tún Jaekel House ṣe, ilé òṣìṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n kọ́ ní 1898, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìtàn rélùwéè.