Àwòrán Ikú Olúwa Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀

Zaria tó wà ní Òkè Ọya yìí ni Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo tí wọ́n bí ní 1932, ti kọ́ iṣẹ́ ọnà. Lẹ́yìn náà ló kọ́ àwòrán títẹ̀ ní Òṣogbo lọ́dọ̀ Ru van Rossem, ọmọ ilẹ̀ Holland. Ó ya Ọ̀nà Àgbélébùú, ibùdó 14, fún ìjọ St. Paul's ní Ẹ̀búté Mẹ́tta. Ní 1969, ó fín in sára línò, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ọnà àdìrẹ wà lára aṣọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ní 2023, High Museum ní Atlanta pàtẹ rẹ̀.

Ìwọ̀nba ni wọ́n máa ń tẹ irú àwòrán báyìí. Oníṣẹ́ ọnà á fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí etí ìsàlẹ̀: 7/50 ni ìkeje nínú àádọ́ta. Á sì fọwọ́ sí i. Ohun tí olùrà ń wò nìyẹn kó tó dá iye lé e.

Bàbá mi ra ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n papòdà, a gbé e pamọ́, a ní àwòrán ikú kò yẹ ilé ọ̀fọ̀. Nígbà tí a gbé e jáde, ẹni tó ń ṣe férémù gé etí rẹ̀ dànù kó lè wọlé. Nọ́ńbà àti ìfọwọ́sí bá a lọ, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Síbẹ̀, iwájú rẹ̀ ni ìyá wa ti ń gbàdúrà nígbà Lẹ́ńtì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ yẹ ògiri ilé yín wò. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn tàbí ọ̀rinrin kan bébà náà, ẹ má sì gé etí rẹ̀. Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fọ́mọ kí ọlọ́jọ́ tó dé.