Oníbodè Ojú Ewé: Ìtàn Àwọn Àfikún Tí Ń Dènà Ìpolówó Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì



Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu nínú yín pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ètò kọ̀ǹpútà. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ìpolówó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà lítíréṣọ̀ alohùn wa. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ohùn obìnrin tí ń kiri ẹ̀kọ gbígbóná ní òwúrọ̀ kùtùkùtù mọ̀ pé ohun tí ó ń fi orin sọ kì í ṣe ariwo lásán. Ṣùgbọ́n ìpolówó àtijọ́ ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ọlọ́jà yóò kígbe, yóò sì kọjá lọ. Kò ní bá wa wọ yàrá, kò sì ní kọ ohun tí a jẹ lánàá sínú ìwé. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwọ̀n yìí ni ó sọnù. Ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe gbìyànjú láti dá a padà ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Èrò mi ni pé ìjà náà kì í ṣe ìjà lórí ariwo nìkan. Ìjà lórí ẹni tí ó ní àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ ẹni ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1994, HotWired, ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, gbé pátákó ìpolówó sí ojú ewé rẹ̀; ilé-iṣẹ́ AT&T wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sanwó fún un. Lẹ́yìn náà, láàárín àwọn ọdún 1990 sí 1999, Ethan Zuckerman, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Tripod, kọ ètò tí ń mú kí fèrèsé ìpolówó ṣàdédé yọ sójú ẹni. Ohun tí ó fà á ni pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan bínú nígbà tí ó rí ìpolówó rẹ̀ lójú ewé tí ó kún fún ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀. Zuckerman fẹ́ ya ìpolówó sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ tí ó wà lójú ewé. Ó tọrọ àforíjì ní gbangba ní ọdún 2014, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́, ó ti fọ́.

Àtakò kò pẹ́ dé. Ní ọdún 2002, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Denmark, Henrik Aasted Sørensen, kọ àfikún kékeré kan tí ó pè ní Adblock fún ẹ̀rọ aṣàwákiri Phoenix, èyí tí a wá mọ̀ sí Firefox. Ní ọdún 2006, Wladimir Palant tún iṣẹ́ náà kọ, ó sì sọ ọ́ ní Adblock Plus.

Ó yẹ kí a mọ bí irú àfikún bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí a bá ṣí ojú ewé kan, kì í ṣe kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ó ń dá wa lóhùn. Ọ̀rọ̀ lè ti ọ̀dọ̀ ilé ìwé ìròyìn wá, kí àwòrán ìpolówó ti ibòmíràn wá, kí ètò tí ń ṣọ́ ìrìn ẹni sì ti ibi kẹta wá. Àfikún yìí dúró bí oníbodè. Ó ní àkójọ àdírẹ́sì lọ́wọ́. Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ pe èyí tí ó wà nínú àkójọ náà, oníbodè yóò kọ̀. Èyí tí ó lókìkí jù nínú àwọn àkójọ náà ni EasyList, tí Rick Petnel bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó kú ní ọdún 2009, àwọn tí ń yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó ni ó ń bá a tún un ṣe. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ìtàn alohùn wa, ó di iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ṣùgbọ́n owó wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2011, Palant àti Till Faida dá ilé-iṣẹ́ Eyeo sílẹ̀ ní ìlú Cologne ní Jámánì. Ní ọdún náà gan-an ni wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ tí ó jẹ́ kí àwọn ìpolówó tí kò dí ènìyàn lọ́wọ́ kọjá. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké kò san nǹkan kan, àwọn ńlá ń sanwó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ilẹ̀ wa yóò rántí owó oníbodè. Ẹni tí a fi sí ẹnu bodè láti ṣọ́ ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Raymond Hill, tí ó gbé uBlock jáde ní ọdún 2014, tí ó sì ń bá a lọ lábẹ́ orúkọ uBlock Origin láti ọdún 2015, kọ ọ̀nà yìí sílẹ̀ pátápátá: kò gba owó oníṣòwò, kò tilẹ̀ gba ọrẹ.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn tí ń tẹ ìwé ìròyìn ní ẹjọ́ tiwọn. Owó ìpolówó ni wọ́n fi ń san owó oṣù akọ̀ròyìn. Ẹni tí ó bá ka ìròyìn tí ó sì lé ìpolówó jẹ oúnjẹ láìsanwó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí. Axel Springer, ilé ìwé ìròyìn ńlá ní Jámánì, gbé Eyeo lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dájọ́ pé kò sí ohun tí ó lòdì sí òfin nínú dídènà ìpolówó, nítorí pé ẹni tí ń kàwé fúnra rẹ̀ ni ó yàn án. Ní oṣù keje ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ kan náà dá ẹjọ́ mìíràn, tí ó dá lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀, padà sí Hamburg kí wọ́n tún un gbọ́.

Èmi pẹ̀lú jẹ́ òǹkọ̀wé. N kò lè sọ pé kí ebi pa òǹkọ̀wé. Síbẹ̀, ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó fi owó oúnjẹ ra dátà. Kí ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ kà tó yọ sójú fóònù rẹ̀, ìpolówó ti jẹ nínú dátà náà. Òun ni ó sanwó ọkọ̀ fún ọjà tí kò rà. Ewu mìíràn sì wà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, FBI ní Amẹ́ríkà gba àwọn ará ìlú nímọ̀ràn láti lo àfikún adènà-ìpolówó, nítorí àwọn ọ̀daràn ń fi ìpolówó èké darí ènìyàn sí ojú òpó ayédèrú.

Ìpele tí ó kẹ́yìn ni ó fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn. Ní ọdún 2018, Google, tí púpọ̀ jù nínú owó rẹ̀ ń ti inú ìpolówó wá, kéde òfin tuntun fún àwọn àfikún Chrome, tí a ń pè ní Manifest V3. Lábẹ́ òfin àtijọ́, àfikún lè dá ìbéèrè kọ̀ọ̀kan dúró kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Lábẹ́ ti tuntun, ó gbọ́dọ̀ fi àkójọ rẹ̀ lé Chrome lọ́wọ́ ṣáájú, Chrome ni yóò sì máa ṣe ìdájọ́. Google ní ààbò àti àṣírí àwọn ènìyàn ni òun ń rò. Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ni pé ní ọdún 2025, uBlock Origin kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí Chrome. Ẹ̀dà tí agbára rẹ̀ kéré, uBlock Origin Lite, ni ó rọ́pò rẹ̀. Firefox fi ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Ẹ ti rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ kò dá lórí ariwo ọjà. Kò sí ìran tí kò polówó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìran tí kò ní ìlẹ̀kùn. Ọlọ́jà ní ẹ̀tọ́ láti kígbe ní òpópónà, òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ láti jẹun, ṣùgbọ́n onílé ni ó ń pinnu ẹni tí yóò wọlé. Bí kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ń ta ààyè fún àwọn ọlọ́jà, ilé náà kì í ṣe tiwa mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa ni a ń san owó rẹ̀.