Ohun tí ó mú Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ́ ti ìlú kan tí ẹni tó bá ń gbin kòkó kò lè sọ pé òun kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ìdànrè ni, ní Ìpínlẹ̀ Ondó. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lónìí, ìsàlẹ̀ ni ẹ ó bá ìlú, àwọn òkè àpáta ńláńlá ni wọ́n sì yí i ká. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, orí òkè ni ìlú wà. Ààfin Ọwá wà níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀. Ilé ìwé tí àwọn oníwàásù dá sílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1923 ni ìlú sọ̀ kalẹ̀. Kí ló gbé wọn lọ sókè ná? Kí ló sì mú wọn sọ̀ kalẹ̀? Ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì kan oko tiyín náà.

Kò sí àgbẹ̀ tí ó máa ń wu láti kọ́lé sórí àpáta. Iṣu kì í ta lórí àpáta. Ìbẹ̀rù ogun ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ogun ló gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láàrin 1800 sí 1900. Ẹ rántí ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ jà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ àgọ́ ogun kò tú ká títí di 1893. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ tó dá wà nínú oko ni ó rọrùn jù láti kó lẹ́rú. Ẹni tó wà lórí òkè a máa rí ọ̀tá láti òkèèrè, ọ̀nà tó gba inú àpáta gòkè kò sì gba ọmọ ogun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n ààbò yìí ní owó tirẹ̀, ẹsẹ̀ àti ọrùn ni wọ́n fi ń san án. Àtẹ̀gùn tí àlejò ń gùn lọ sí ìlú àtijọ́ náà lónìí lé ní 600, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà nítorí kì í ṣe gígùn àgùnṣeré. Ẹ wá rò ó wò: ẹni tó ti ro oko láti òwúrọ̀, tó wá ru iṣu, igi ìdáná tàbí epo sórí, tó kọjú sí òkè. Ọ̀la, yóò tún sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyí tí àáró àti ọ̀wẹ̀ kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ eré fún àwọn baba wa. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, kò sì sí owó láti fi gba lébìrà.

Nígbà tí kòkó dé, ìṣirò yí padà. Láti oko àwọn ará Ágégé, bíi ti J. K. Coker àti ẹgbẹ́ àwọn olóko tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907, ni irúgbìn àti ìmọ̀ kòkó ti tàn ká ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1900, gbogbo kòkó tí ó jáde láti ilẹ̀ wa kò ju nǹkan bí 200 tọ́ọ̀nù lọ. Nígbà tí ó fi di 1925, ó ti lé ní 40,000 tọ́ọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà pọ̀. Ẹrù orí alárùú kan láyé ìgbà náà tó nǹkan bí kílò 27. Tọ́ọ̀nù kòkó kan, tí í ṣe àpò mẹ́rìndínlógún lónìí, yóò gba nǹkan bí ẹrù orí mẹ́tàdínlógójì. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé kòkó kì í ṣe ohun tí à ń ká tí à ń sá kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ óò fọ́ ọ, ẹ óò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, ẹ óò sá a, ẹ óò máa yí i, bí òjò bá sì ṣú, ẹ óò sáré kó o. Báwo ni ẹni tí ilé rẹ̀ wà lórí àpáta yóò ṣe gbọ́ ìró òjò lóko ìsàlẹ̀? Àwọn oníṣòwò tó fẹ́ ra kòkó pàápàá, ibi tí ọ̀nà gbà ni wọ́n ń wá, wọn kì í gun òkè.

Nítorí náà, nígbà tí ogun ti lọ tí kòkó sì ti dé, ohun tó dá ìlú dúró sórí òkè kò sí mọ́, ohun tó ń pè é sísàlẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọn kò gbàgbé ibẹ̀ ṣá o. Àwọn ọmọ Ìdànrè ṣì ń gòkè lọ ṣe ọdún, títí kan ọdún Orósùn. Ní 2007, wọ́n kọ orúkọ òkè náà sínú ìwé àjọ UNESCO, lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí gbogbo ayé dá mọ̀ sí ohun ìní àjogúnbá.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ méjì la rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní, àlàáfíà ni ajílẹ̀ àkọ́kọ́. Níbikíbi tí àgbẹ̀ bá ti ń bẹ̀rù láti sùn lábà, oko yóò jìnnà sí ilé, èrè yóò sì dínkù, ìbáà jẹ́ òjò rọ̀ dáadáa. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìṣọ́ oko sílẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo. Kí ẹgbẹ́ jókòó lé e lórí.

Èkejì, ẹrù rírù náà wà lára iye tí oko ń ná wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣírò owó oògùn àti owó lébìrà, a kì í ṣírò ọjọ́ tí a fi gbé ẹrù dé ojú títì. Ní àsìkò kòkó tó ń bọ̀ yìí, kí ẹgbẹ́ yín kọ ọ́ sílẹ̀: àpò mélòó, ìrìn mélòó, eélòó ni ọkọ̀. Bí àgbẹ̀ mẹ́wàá bá kó ẹrù wọn jọ sí ojúkan, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọn yóò pè, oníkòkó yóò sì wá bá wọn níbẹ̀. Ìlú odindi kó ilé rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nítorí ìṣirò yìí. Àpò kòkó péré ni tiwa.

Ire oko a jẹ́ o.