Froebel àti Jẹ́lé-ó-sinmi Tiwa

Ìsinmi àwọn ará ilé ni orúkọ tí Yorùbá fún jẹ́lé-ó-sinmi ń sọ; kò sọ ohun tí ọmọ lọ ṣe níbẹ̀. (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kò ní bá orúkọ náà jà.) Friedrich Froebel, ará Jámánì tí wọ́n bí ní 1782, ọ̀dọ̀ ọmọ ni ó ti mú orúkọ tirẹ̀.

Ó kọ́ iṣẹ́ olùtọ́jú igbó kí ó tó di olùkọ́. Ní 1837, ó dá ibùdó eré àti iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní Blankenburg. Ní 1840, ó sọ ọ́ ní Kindergarten, ìyẹn ọgbà àwọn ọmọdé. Bọ́ọ̀lù, igi onígun mẹ́rin, orin àti ebè tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń gbin nǹkan sí ni ohun èlò ẹ̀kọ́ rẹ̀. Eré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ni ọmọ fi ń mọ iye àti ìrísí nǹkan.

Ní 1851, ìjọba Prussia fòfin dè é pé ó ń tan àìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run kálẹ̀. Ìwé tí Karl, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kọ wà lára ohun tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Froebel kú ní 1852. 1860 ni wọ́n tó fagi lé òfin náà. Àwọn obìnrin tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti gbé e kọjá òkun kó tó dìgbà náà: Margarethe Schurz ṣí ọ̀kan ní Watertown, ní Amẹ́ríkà, ní 1856.

Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ọdún mẹ́ta ṣì ń jókòó ti pẹ́ńsùlù láti àárọ̀ dọ̀sán. Bí a bá lọ yẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wò lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ibi ìṣeré ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè, kí a tó béèrè ìwé ìgbáradì ẹ̀kọ́.