Ìkòkò Aró àti Ìṣirò Ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù ní Ilẹ̀ Yorùbá

Iṣẹ́ aró wà lára àwọn iṣẹ́ tí ìyá ń fi lé ọmọbìnrin lọ́wọ́ ní Òṣogbo, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá mìíràn, tí àwọn tí ń ṣe é sì fi sábẹ́ ìṣọ́ òrìṣà Ìyá Mọ̀pó. Ìtàn ìtẹ̀dó Òṣogbo pàápàá kò yọ ọ́ sílẹ̀, nítorí a gbọ́ nínú rẹ̀ pé igi tí àwọn atẹ̀lúdó gé wó sínú odò, ó sì fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Èyí tí àwọn òpìtàn kì í sábà fi ẹnu kàn ni pé iṣẹ́ yìí, bí a bá tú u wò, dúró lórí òfin kẹ́mísírì kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ lónìí bí ẹni pé kò fìgbà kan rí dé ilẹ̀ wọn.

Èlú ni ewé tí aró ti ń jáde, igi gígùn tí ń lọ́ mọ́ igi mìíràn, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Philenoptera cyanescens. Ewé rẹ̀ tí ó ṣì rọ̀ ni àwọn aláró ń gún lódó, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n sì ń sá sóòrùn. Nígbà tí ewé náà wà ní tútù, kò sí àwọ̀ aró nínú rẹ̀, bí kò ṣe èròjà aláìláwọ̀ kan tí gígún ń tú sílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń sọ di aró. Ṣùgbọ́n aró tí ó jáde báyìí kì í yòrò nínú omi, ohun tí kò bá sì yòrò kò lè wọ inú òwú. Níbi yìí ni ọgbọ́n ìkòkò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn aláró ń ṣù eérú igi àti ti èèpo kòkó, wọ́n ń sun ún nínú ààrò, wọ́n ń kó o sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, tí a gbé ka orí òmíràn, wọ́n sì ń bu omi sí i kí ó máa sẹ́ sísàlẹ̀. Omi eérú yìí, tí ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, ni wọ́n ń dà lé èlú, tí wọ́n sì ń bò ó fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Aláró tí ó mọṣẹ́ ń fi imú, ojú àti ahọ́n mọ ìgbà tí ó tó: òórùn rẹ̀ a le, ohun tí ń hó lójú rẹ̀ a máa dán bí bàbà, àwọ̀ omi náà a sì wà láàárín ewé tútù àti ìyeyè.

Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pín irú ìyípadà tí ń ṣẹlẹ̀ sí aró nínú ìkòkò yìí sí ìdajì méjì. Ìdajì kan jẹ́ ti ohun tí ó gba ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn hóró tín-tìn-tín tí wọ́n ní agbára iná òdì nínú átọ́ọ̀mù, ìdajì kejì sì jẹ́ ti ohun tí ó jọ̀wọ́ wọn. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń ṣírò wọn kí a tó pa wọ́n pọ̀, nítorí iye tí ọ̀kan jọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ bá iye tí èkejì gbà mu. Nínú ìkòkò aró, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ oúnjẹ inú ewé ni wọ́n ń jọ̀wọ́. Mólékù aró kọ̀ọ̀kan ń gba ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù méjì pẹ̀lú haidirójìn méjì, ó ń di aláìláwọ̀, omi eérú sì ń mú un yòrò. Nígbà tí a bá yọ aṣọ síta, ọ̀rọ̀ yí padà: mólékù aró inú òwú ń jọ̀wọ́ ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù méjì, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni mólékù ọ́síjìn kan ń gbà kí ó tó di omi, nítorí náà a gbọ́dọ̀ sọ ìdajì ti aró di ìlọ́po méjì. Mólékù aró aláìláwọ̀ méjì àti ọ́síjìn kan ni ó ń di mólékù aró dúdú méjì àti omi méjì. Ìdí nìyí tí aláró fi ń rẹ aṣọ, tí ó ń yọ ọ́ sí afẹ́fẹ́, tí ó sì ń dá a padà lọ́pọ̀ ìgbà, kí ìdajì kejì lè parí lára èyí tí ó ti wọlé kí òmíràn tó gùn ún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, nígbà tí aṣọ funfun òyìnbó pọ̀ lọ́jà, àdìrẹ oníko, alábẹ́rẹ́ àti ẹlẹ́kọ sọ Abẹ́òkúta di ibi tí àwọn oníṣòwò ti ń wá láti Gold Coast àti Senegal. Ní Jámánì, Adolf von Baeyer ti fi ìdí ìtòpọ̀ mólékù aró múlẹ̀ ní 1883, ilé iṣẹ́ BASF sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró àtọwọ́dá ní 1897. Nígbà tí aró yìí àti sódà kọ́sítíìkì dé ọwọ́ àwọn aláró Ẹ̀gbá, ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ pé aṣọ ń tètè gbó, aró sì ń ṣí. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Ladapo Ademola Kejì fòfin de méjèèjì, àwọn aláró sì kọ̀, títí ìgbìmọ̀ ìwádìí fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1936. Ó yẹ kí a ṣe ẹ̀tọ́ sí àwọn obìnrin wọ̀nyí: ipò eérú ni sódà gbà, kò fi ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù kankan kún ìkòkò, iṣẹ́ àṣekára sísun àti sísẹ́ eérú ni ó sì gbé kúrò lọ́rùn wọn. Haidirosọ́fáìtì, tí ọ̀pọ̀ aláró ń lò báyìí, ni ó gba ipò àwọn kòkòrò inú ìkòkò, nítorí òun fúnra rẹ̀ ń jọ̀wọ́ ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù, ó sì ń parí iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ láàárín àkókò kúkúrú. Ìdajì ti afẹ́fẹ́ nìkan ni kò sí ohun tí a rà lọ́jà tí ó gba ipò rẹ̀.

Àwọn kan, bí Nike Okundaye ní Òṣogbo, ṣì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní aró èlú. Síńkì àti kọ́pà nìkan kọ́ ni ó yẹ kí àwọn tí ń kọ ìwé kẹ́mísírì fún ilé ẹ̀kọ́ wa máa fi ṣe àpẹẹrẹ ìdajì méjì yìí. Kí wọ́n fi ìkòkò aró kún un, kí wọ́n sì mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ nígbà tí àwọn tí ó mọ èlú ṣì wà.