Kòkòrò Tí A Kà Kí A Tó Lè Sìn Ín: Àrùn Whipple nínú Ìtàn Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn

Báwo ni dókítà ṣe ń mọ̀ pé kòkòrò báyìí ló fa àrùn báyìí? Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ fi hàn pé ìdáhùn tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn yí padà nígbà tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àbùdá àwọn kòkòrò àìfojúrí. Àrùn Whipple ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú rẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀nà tí àwa onímọ̀ èdè fi ń wá ìbátan láàárín èdè.

Ní 1882, Robert Koch, ará Jámánì, fi hàn pé kòkòrò kan ló ń fa ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Òfin tí ó ti inú iṣẹ́ rẹ̀ jáde di ẹ̀kọ́ fún gbogbo dókítà: kí a rí kòkòrò náà lára aláìsàn, kí a sìn ín lọ́tọ̀, lóde ara, kí a fi í sára ẹranko tí ara rẹ̀ dá, kí àrùn kan náà sì mú un. Kòkòrò tí kò bá ṣeé sìn, ẹjọ́ rẹ̀ kò lè parí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àrùn Whipple há sí. Ní 1907, ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, George Whipple yẹ òkú ọkùnrin kan wò, ẹni tí oríkèé ń ro, tí oúnjẹ kò ṣe lóore mọ́, títí ó fi rù. Ó rí ohun tín-ín-rín bí ọ̀pá nínú ara rẹ̀. Ní 1952, oògùn apakòkòrò wo aláìsàn kan sàn. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rí kòkòrò náà sìn.

Ní 1977, Carl Woese àti George Fox fi RNA inú ribosome pín àwọn ẹ̀dá alààyè sí ìdílé. Gbogbo ẹ̀dá alààyè ló ní in, kì í sì í tètè yí padà. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí a bá fẹ́ mọ̀ pé Yorùbá, Ìgálà àti Iṣẹ́kiri bá ara wọn tan, ọ̀rọ̀ bí *omi* ni a ń fi wéra, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ Faransé ní ilé-ìwé.

Ní 1992, David Relman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àbùdá RNA yìí jáde tààrà láti inú ẹran ara àwọn aláìsàn Whipple. Wọ́n fi í wé ti àwọn bakitéríà tí a ti mọ̀, wọ́n sì rí ìdílé rẹ̀, àmọ́ kò bá èyíkéyìí mu pátápátá. Wọ́n sọ ọ́ ní *Tropheryma*, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún oúnjẹ àti ìdènà. Ní 1996, Relman àti David Fredricks tún òfin Koch gbé yẹ̀ wò, kí kíka àbùdá lè di ẹ̀rí.

Ní 2000 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i sìn ní Marseille, nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Ní 2003, wọ́n ka gbogbo àbùdá rẹ̀, wọ́n sì rí àwọn èròjà tí kò lè ṣe fúnra rẹ̀. Wọ́n fi èròjà wọ̀nyí bọ́ ọ, ó sì dàgbà láìsí sẹ́ẹ̀lì. Kíkà ló kọ́ wọn bí a ṣe ń sìn ín.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ní 2010, àwọn olùwádìí jábọ̀ pé wọ́n bá àbùdá kòkòrò yìí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé kan ní Sẹ̀nẹ̀gàl tí ara wọn gbóná. Rírí i nìkan kò tó láti sọ pé òun ló fa ìgbóná náà, nítorí pé wọ́n tún rí i lára ẹni tí kò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá kan ní Kétu bá sọ pé *ibà* ń ṣe ọmọ òun, ara gbígbóná lè ni ó ń sọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn bá kọ *paludisme* sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìwádìí ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní ojú tèmi, ó yẹ kí ẹ̀kọ́ nípa ìtumọ̀ *ibà* wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ́ nípa àbùdá ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn wa. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè sì ni ìyẹn.